Dígí tí Kì í Ké Àgò

Súkúrù kìíní ti jáde. Ó já bọ́ sínú abọ́ ọ̀dùnkún tó wà lórí tábìlì, Roelfien Hofstee kò sì wẹ̀yìn wò ó. Orí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé fún wàrà nígbà tí màlúù ṣì wà nílé ló dúró sí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ ògiri, ọwọ́ ọ̀tún ń yí irin ìtú súkúrù tí Berend, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, fi sílẹ̀. Súkúrù kejì le. Ó fi gbogbo èjìká tì í.

Ohun tó ń tú kò tóbi ju àwo tí a fi ń gbé kọfí fún àlejò lọ. Dígí dúdú kan ni, ó kọjú sí tábìlì ilé ìdáná àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Margreet, ló gbé e wá nígbà ìrúwé. Iṣẹ́ tí Margreet ń ṣe ní ìlú Zwolle nìyẹn: òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ tí kò ní ni àgbàlagbà lára, èyí tí yóò máa so wọ́n pọ̀ mọ́ ọmọ àti ẹbí. Kò sí bọ́tìnì kankan lára rẹ̀. "Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan, Màmá," ni Margreet wí lọ́jọ́ náà. "Àwa la ó máa wá bá yín." Wọ́n sì ń wá lóòótọ́. Ojú Harm, àkọ́bí rẹ̀, a yọ nínú dígí. Ojú Ansje, ìyàwó Harm, a yọ. Wọn a béèrè bóyá ó ti jẹun, wọn a sì lọ. Ẹsẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilé ìdáná náà mọ́. Ìwà tó gbòde nìyẹn báyìí: ẹni tí kò bá fẹ́ wá, a ra ohun tí yóò wá dípò rẹ̀.

Láàárọ̀ òní, Roelfien ń ti inú yàrá ìkóúnjẹsí bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó rí i pé iná kékeré aláwọ̀ ewé ń tàn ní igun dígí náà. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò sí ohùn. Bẹ́ẹ̀ Margreet ti sọ pé iná yẹn kì í tàn àfi tí ènìyàn bá wà lódìkejì. Roelfien dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. Iná náà kú lójijì, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé tó yára fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Roelfien kò mu kọfí. Ó wọṣọ, ó fa wáyà dígí náà yọ, ṣùgbọ́n dígí náà ní bátìrì tirẹ̀ nínú, kò sùn. Ó lọ wá irin.

Súkúrù kejì jáde.

"Àgò o! Roelfien, ṣé o ṣì wà láàyè?"

"Wọlé. Òkú kì í jẹ́ àgò."

Ní Elderbroek, abúlé wọn, a kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ń bọ̀ a ṣí i fúnra rẹ̀, a dé ibi ìbọ́bàtà, a ké àgò, a sì dúró síbẹ̀ títí onílé yóò fi dáhùn. Ọmọ tó bá gbàgbé, wọn a lé e jáde kó lọ tún un ṣe. Ilẹ̀kùn iwájú wà fún àlejò, agbowó-orí àti pósí.

Tallechien, obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì, bọ́ bàtà onígi rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

"Kí lò ń ṣe lókè yẹn? Ọjọ́ orí rẹ ti kọjá igi gígùn."

"Èso ni mò ń ká."

Tallechien wo dígí náà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ń sùn?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá kí o bi í."

Tallechien fa àga, ó sì yí i títí ó fi kẹ́yìn sí ògiri. Roelfien sọ̀ kalẹ̀, ó da kọfí, ó ṣí agolo bísíkíìtì, ó mú ẹyọ kan fún un, ó sì pa agolo náà dé.

"Kí ló dé tí o fi kẹ́yìn sí i?"

"Mi ò fẹ́ kó mọ̀ mí."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo yín kò fi wá mu kọfí mọ́?"

"Má bínú sí wa. Ní ilé ìdáná rẹ lóde òní, ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹnu rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀." Tallechien ki bísíkíìtì bọ kọfí, ó yára gbé e sẹ́nu kó tó já. "Wọ́n ní Harm lọ wo yàrá kan ní ilé àwọn arúgbó lọ́jọ́ Àìkú."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ àbúrò mi ló ń fọṣọ níbẹ̀. Ó ní Harm na téèpù sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó ń béèrè bóyá àga ìyá òun á gba ibẹ̀ kọjá."

Àwọn méjèèjì wo àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èyí tí apá rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́.

"Wọ́n ti wọn àga mi," ni Roelfien wí. "Ó ku èmi."

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Lammert wá ńkọ́? Ìjà yín kò tíì parí? Gbogbo títì ló rí i lọ́jọ́ yẹn níwájú ilé rẹ. Ó gbé ìkòkò dání, ó ń tẹ aago bí agbowó-orí."

Ojú Roelfien le. Lammert ni aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọgbà ewéko kan ló là wọ́n láàárín. Láti ìgbà tí ìyàwó Lammert ti kú, kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé wá mu kọfí. Ife tirẹ̀ wà lórí pẹpẹ, aláwọ̀ búlúù, ẹnu rẹ̀ ti sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Roelfien sọ sí i lójú pé ohun tó bá rí níbí ló ń gbé lọ sí etí Harm. Lammert gbé ife náà sílẹ̀ láìmu ún tán. Lọ́jọ́ kejì ló gba iwájú wá, láti dá ìkòkò ọbẹ̀ Roelfien padà. Roelfien sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti wú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Berend gba ibẹ̀ jáde. Ó fà á, ó fà á, kò ṣí. Kó tó gba ẹ̀yìn yí ilé ká, ìkòkò nìkan ló bá lórí òkúta.

"Ta ni ìbá tún sọ fún Harm?" ni Roelfien wí. "Nígbà tí wàrà jóná mọ́ mi lọ́wọ́, Lammert nìkan ló wà níbí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Harm fi ń bi mí nípa wàrà."

Tallechien yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wo dígí náà láti orí èjìká rẹ̀, ó sì tún yíjú padà. Ó mu kọfí rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

"Bí ògiri ò bá lanu," ló wí bó ti ń dìde, "aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀."

Ó wọ bàtà onígi rẹ̀, ó lọ.

Roelfien fọ ife. Ó nu ún gbẹ, ó sì tún gun àpótí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ẹnu irin bọ súkúrù kẹta ni dígí náà tàn yòò níwájú rẹ̀, ojú Ansje sì kún inú rẹ̀, imú rẹ̀ tóbi bí imú ẹṣin.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe lórí àpótí yẹn? Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Roelfien fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó di etí dígí náà mú. Ká ní ó ṣubú, ohun tí wọ́n ní ó ń dáàbò bò ó ni ìbá gbé e ṣubú. Ó na ọwọ́, ó mú aṣọ ìnu-àwo, ó sì fi bo ojú náà.

"Màmá? Mi ò rí yín mọ́. Harm! Harm, wá wo Màmá!"

Ohùn náà ń bá a lọ lábẹ́ aṣọ. Roelfien ń yí irin.

Assen, ìlú tí Harm àti Ansje ń gbé, kò jìnnà. Súkúrù kẹta ti jáde, ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù ti ń hó lórí ààrò, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí tí ènìyàn méjì sì wọlé láìké àgò.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ni Harm wí. Ó ti dé àárín ilé ìdáná. Ọkùnrin ńlá ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹrẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ bàtà rẹ̀.

"Èmi ta ni? Jáde, kí o tún un wọlé."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù torí yín."

Ṣùgbọ́n Ansje ti yí padà. Ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tún ṣí i. "Àgò o," ló wí ní ohùn kékeré.

"Wọlé, Ansje. Jókòó. Ọbẹ̀ wà."

Harm wo ògiri, ó wo súkúrù mẹ́ta nínú abọ́ ọ̀dùnkún. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n tì. Roelfien gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó gé búrẹ́dì dúdú, ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tínrín lé e lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá dé lásìkò oúnjẹ yóò jẹun, ìjà ìbáà wà nílẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Mo gbọ́ pé o ti wọn àga mi," ni Roelfien wí.

Ṣíbí Harm dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà fẹ́ mọ ẹni tó sọ. Ó dùn mọ́ mi."

"Mo fẹ́ bá yín sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé náà lọ́jọ́ Ẹtì. Kò ní ṣe nǹkan kan, yóò kàn wo bí ẹ ṣe ń gbé. Yàrá náà dára, Màmá. Ó kọjú sí ọgbà."

"Èmi náà ní ọgbà."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí! Tẹ́lẹ̀, ọkàn mi máa ń balẹ̀ torí pé mo mọ̀ pé Lammert ń wọlé láràárọ̀. Bí ẹ bá ṣubú, Lammert á rí yín. Ní báyìí Lammert kò wá mọ́. Ẹ lé e. Ta ni yóò rí yín?" Harm ju búrẹ́dì sílẹ̀. "Ẹ sì ń jó nǹkan. Wàrà lóṣù tó kọjá. Ẹ̀wà lálẹ́ àná. Ọjọ́ tí ilé yìí bá gbiná, ojú ta ni yóò tì?"

Roelfien fi ṣíbí ìbubẹ̀ sínú ìkòkò jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀wà wo?"

"Ẹ̀wà pupa tó jóná lálẹ́ àná. Ẹ ò lè sọ pé irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná tó so mọ́dìí. "Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé adìyẹ, mo da á síbẹ̀, mo bò ó. Mo fọ ìkòkò. Mo ṣí fèrèsé títí òórùn fi tán. Ẹsẹ̀ ènìyàn kankan kò wọ ilé yìí lánàá, Harm. Ta ló sọ fún ọ?"

Harm wo ọbẹ̀ rẹ̀. Aago ara ògiri ń ró. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń yọ́ lórí búrẹ́dì.

"Mo bi ọ́ léèrè. Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni," ni Ansje wí.

Kò gbé ojú sókè. "Mo rí i. Mo máa ń wò yín, Màmá. Tí mo bá wà níbi iṣẹ́, mo máa ń ṣí i lórí fóònù mi. Mi kì í sọ̀rọ̀ torí mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ rí i pé ẹ ń rìn."

"Ìwọ lo rí wàrà náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ lo wà níbí láàárọ̀ òní nígbà tí aṣọ ìsùn wà lọ́rùn mi?"

Ansje bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. "Ìyá tèmi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ títí ẹni tó ń pín lẹ́tà fi gbọ́ òórùn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín lẹ wá síbi ìsìnkú. Látìgbà yẹn, tí mi ò bá rí i pé ẹnì kan ń mí, ara mi kì í balẹ̀."

Roelfien bu ọbẹ̀ kún àwo Ansje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo náà kò tíì ṣófo. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

"Mo pe Lammert ní olófòófó," ló wí. "Lórí àga tí o jókòó lé yẹn, Harm. Ọkùnrin tó bá wa gbé pósí bàbá rẹ. Mo sọ ọ́ sí i lójú, ìwọ sì mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi mọ̀, tí o ń jẹ́ kí n máa bú u. Owó ìfẹ̀yìntì mi ló ń san owó ohun yìí lóṣooṣù. Owó mi ni ẹ fi ń ra ojú tí ẹ fi ń wò mí."

"Mi ò mọ̀ pé torí wàrà lẹ ṣe bá a jà," ni Harm wí.

"O ò béèrè. Ohun tí dígí kò bá fi hàn ọ́, o ò mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ mọ́."

"Àgò o!"

Margreet ni. Ó dúró níbi ìbọ́bàtà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà ilé kò tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Wọ́n ní kó wọlé. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ògiri, níbi tí dígí náà ti fì sí ẹ̀gbẹ́ lórí súkúrù kan ṣoṣo, aṣọ ìnu-àwo lójú rẹ̀ bí òkú.

"Ó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ẹnì kan ń fọ́ ọ."

"Èmi ni ẹnì kan," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jókòó, kí o jẹun."

Margreet kò jókòó. Ó wo Ansje tó ń nu ojú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yé e kíá. "Mo sọ fún yín! Mo ní bí ẹ bá wọlé, kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Mo ní kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣọ́ ènìyàn."

"Ìwọ lo ṣe é tí ènìyàn fi lè ṣọ́ ènìyàn!" ni Harm dáhùn. "Tí o kò bá fẹ́ ká gba ibẹ̀ wọlé, kí ló dé tí o fi ilẹ̀kùn síbẹ̀?"

"O sọ fún wọn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀," ni Roelfien wí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. "O ò sọ fún mi pé wọ́n lè dákẹ́."

Ìyẹn wọ Margreet lára. Ó fa àga, ó jókòó.

"Màmá, a bi àwọn àgbà léèrè kí a tó ṣe é. A jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Wọ́n ní bọ́tìnì ń dà wọ́n láàmú, àwọn kò mọ èyí tí àwọn yóò tẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn á ba nǹkan jẹ́. Torí ẹ̀ la ṣe yọ gbogbo bọ́tìnì kúrò. Ìrọ̀rùn là ń wá."

"Ìrọ̀rùn ta ni?"

Margreet fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orí tábìlì.

"O bi àwọn àgbà. Ṣé o bi mí?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà."

"O rò mí. Mo ní ṣé o bi mí."

"Rárá," ni Margreet wí.

"Ó dáa. Ẹni tí kò bá ní nǹkan tí yóò tẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ tí o gbé e wá. Inú rẹ ń dùn ju ẹni tó mú ẹ̀bùn wá lọ." Roelfien tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Nígbà tí o wà ní kékeré, o sáré wọ ilé ìdáná Lammert láìké àgò. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọwọ́ Margreet lọ sí irun rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ fi irun dídì fà mí padà. Ẹ ní kí n lọ tún un ṣe."

"Níwájú Lammert àti ìyàwó rẹ̀. O sunkún. Ṣùgbọ́n o tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, o lọ sí yunifásítì, o ṣe ohun tó ń wọlé onílé láìké àgò, o sì gbé e kọ́ sí ògiri mi."

Harm fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu.

"Mo lè tún un ṣe," ni Margreet wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́. "Kí ó kọ́kọ́ dún. Kí ojú má ṣe yọ, kí ohùn má ṣe wọlé, títí ẹ ó fi wí pé kí wọ́n wọlé. Kì í ṣe bọ́tìnì. Ẹnu yín lásán. Ẹ̀yin náà kò sì ní wà lójú wọn títí ìgbà náà."

"Bí mi ò bá fẹ́ dáhùn ńkọ́?"

"Wọn á padà lọ."

"Tí Màmá bá ṣubú?" ni Ansje béèrè. "Tí wọn ò bá lè dáhùn?"

"Tí mi ò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wọ bàtà," ni Roelfien wí. "Kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín wò mí. Ohun tí bàtà wà fún nìyẹn. Kí ẹ tó dé, Lammert á ti rí mi."

Gbogbo wọn wo ife búlúù tó wà lórí pẹpẹ, Roelfien pẹ̀lú.

"Lammert kò wá mọ́, Màmá," ni Harm wí jẹ́jẹ́. Kò sọ ọ́ bí ìjà mọ́. "Bí Lammert kò bá wá, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Yóò béèrè ẹni tó ń wọlé bá yín. Mi ò ní lè purọ́."

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Roelfien mọ òwe náà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ta ọjà náà, ó sì tà á nítorí ìkòkò wàrà kan.

Ó dìde. Ó tún gun àpótí. Harm na ọwọ́ láti gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì lù ú lọ́wọ́ bí ọmọdé tó fẹ́ jí súgà lá. Ansje dìde, ó wá dúró, ó di àpótí náà mú kó má mì. Roelfien jẹ́ kó dì í mú. Súkúrù kẹrin kò bá a jà púpọ̀. Dígí náà kúrò lára ògiri. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi yòókù lọ, ihò mẹ́rin sì wà ní igun rẹ̀.

Ó fi aṣọ ìnu-àwo wé e, ó sì gbé e fún Margreet.

"Gbé e padà lọ. Tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń ké àgò, gbé e wá, màá tún kàn án mọ́ ògiri. Mo fẹ́ máa rí ojú yín. Èmi ò sọ pé mi ò fẹ́. Aṣọ ìnu-àwo mi, má gbàgbé láti dá a padà."

"Mo gbọ́, Màmá."

Roelfien tú aṣọ ìdáná rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àkàrà òyìnbó olóòórùn dídùn tó yan lọ́jọ́ Sátidé. Kò gé e. Odindi ló gbé, èyí tí kò sí ẹni tó rí i kí ó ṣe rí, nítorí ní ilé Roelfien, wẹ́wẹ́ ni a ń pín àkàrà. Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó mú ife búlúù náà, ó fi ìka rẹ̀ kọ́ ọ.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Harm béèrè. "Ẹ gba iwájú, òjò ti mú kí ẹ̀yìn yọ̀."

"Mi ò gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni rí ní Elderbroek yìí. Ẹ jẹ ọbẹ̀ yín kó má tutù."

Ó wọ bàtà onígi, ó jáde.

Wọ́n rí i lójú fèrèsé títí ó fi dé ibi ọgbà ewéko. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, àkàrà lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ewé bò ó. Harm ṣí fèrèsé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wọlé, kò sì sí ẹni tó ní kó pa á dé.

"Àgò o!"

Ohùn ìyá wọn ni, láti ẹ̀yìn ilé Lammert. Kò sí ìdáhùn. Ansje di ọwọ́ Harm mú. Wọ́n gbọ́ igbe adìyẹ, wọ́n gbọ́ ọkọ̀ kan tó kọjá ní títì.

"Àgò o, Lammert! Roelfien ni."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ró, ó sì padé, ìyá wọn kò sì yọ padà láàárín ewé.

"Kí ló sọ?" ni Harm béèrè. "Ṣé ó ní kí Màmá wọlé?"

Margreet, pẹ̀lú dígí lórí itan rẹ̀, ti gbójú sókè sí ara ògiri, bí ẹni tó fẹ́ rí ìdáhùn. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀.